Kí Ẹ Tó Tẹ Ẹsẹ Ifá Jáde: Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹni Tó Ni Ẹ̀tọ́ àti Ẹni Tó Yẹ Kí A Gba Àṣẹ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ tẹ ẹsẹ Ifá sínú ìwé tàbí tí wọ́n fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní, "Àtayébáyé ni Ifá, kò sí ẹni tó ni ín, ẹni tó bá wù lè tẹ̀ ẹ́." Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ìdajì tó kù ló ń kó ènìyàn sí ìyọnu. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tó lè dìde lónìí kí ó sọ pé òun ni òun dá Èjì Ogbè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ tó wà níwájú yín kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹnìkan ló kì í, ẹnìkan ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹnìkan ló jókòó tì í tó fi kọ ọ́ sórí ìwé tó sì fi àmì ohùn sí i, ẹlòmíràn ló sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, Potogí tàbí Sípáníìṣì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ náà ti wà kí a tó bí baba ńlá gbogbo wọn.

Ẹ̀tọ́ àdàkọ ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ kan, pé òun ló lè dà á kọ, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó túmọ̀ rẹ̀, tàbí kí ó fún ẹlòmíràn láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, títí iye ọdún tí òfin dá yóò fi pé. Bí ọdún náà bá pé, iṣẹ́ náà di ti gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tí a ó tún bi léèrè nítorí ẹ̀tọ́ yẹn. Òfin tó wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà lónìí ni Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ọdún 2022, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023. Òun ni mo máa gùn lé jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, n ó sì mẹ́nu ba òfin àwọn ilẹ̀ tí Ifá ti ta gbòǹgbò lókè òkun níbi tó bá ti yẹ.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ìtàn ẹsẹ náà sílẹ̀

Kí ẹ tó ro ọ̀rọ̀ òfin rárá, ẹ mú tákàdá kan, kí ẹ kọ ibi tí ẹsẹ náà ti wá sórí rẹ̀. Ta ló kì í? Níbo, ní ọdún wo? Ta ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, inú téèpù ni àbí inú fóònù? Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà? Ṣé inú ìwé ni ẹ ti rí i, àbí ẹnìkan ló fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tí ẹ kò sì mọ ibi tí òun náà ti rí i? Bí ẹ kò bá lè dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ tó ń kiri lórí fóònù ni wọ́n yọ láti inú ìwé tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò tíì tán, wọ́n kàn ti gé orúkọ òǹkọ̀wé kúrò ni.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ kò ṣòro. Ẹ wo gbólóhùn tó so orúkọ àwọn awo pọ̀ mọ́ orúkọ ẹni tó wá ṣe ìbéèrè. Ìwé kan á kọ "A díá fún", òmíràn á kọ "Adífáfún" ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, òmíràn á kọ "Ó dá fún". Kò sí ẹni tó ni gbólóhùn yẹn. Gbogbo babaláwo ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́, ibi tí wọ́n ti gé ìlà, àmì ohùn tí wọ́n fi sí i, àti pàápàá àṣìṣe ìtẹ̀wé tó bá wà níbẹ̀, ló ń fi ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ hàn. Bí ẹsẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín bá gbé àṣìṣe kan náà tó wà nínú ìwé kan lọ́wọ́, inú ìwé yẹn ló ti wá.

Ọwọ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀

Òfin Nàìjíríà sọ pé kí iṣẹ́ kan tó ní ẹ̀tọ́ àdàkọ, ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ ti lo agbára àti làákàyè tó tó láti fún un ní ìrísí tirẹ̀, kí ó sì ti wà lórí ohun tí a lè kà, tí a lè wò tàbí tí a lè gbọ́. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti kọ ẹsẹ Ifá sílẹ̀ láti ẹnu àgbà awo yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ẹnu babaláwo a máa yá, ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ á máa tẹ̀lé ara wọn bí omi ìṣàn, ẹni tó ń kọ ọ́ ní láti mọ ibi tí orúkọ awo parí sí àti ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì tí àmì ohùn nìkan ṣoṣo yà sọ́tọ̀.

Ẹjọ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi èyí hàn dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin ìjọsìn Kristẹni ni wọ́n torí rẹ̀ dé kóòtù. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Lionel Sawkins ṣe àtúntò orin ìjọsìn tí Lalande, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kú ní 1726, kọ sílẹ̀, ó sì tún un ṣe kí àwọn akọrin òde òní lè kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ tó gbé orin náà jáde sọ pé orin àtijọ́ ni, pé kò sí ohun tuntun tí ẹnikẹ́ni lè fi gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ní 2005, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Sawkins láre, nítorí òye àti làálàá rẹ̀ lórí àtúntò náà pọ̀ tó láti fún un ní ẹ̀tọ́, láìjẹ́ pé ó gba orin Lalande mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ṣì lè padà sí ìwé Lalande fúnra rẹ̀ kí ó tún un tò bó ṣe wù ú. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó mú tákàdá Sawkins.

Bí ọ̀rọ̀ ẹsẹ Ifá ṣe rí nìyẹn. Ẹ lè tọ babaláwo lọ kí ó ki odù kan náà fún yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra yín. Èyí ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú jù lọ, nítorí pé ó gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ó sì tún ń fi ohùn tuntun kún ohun tí a ti ní nílẹ̀. Babaláwo méjì kì í ki ẹsẹ kan náà bákan náà délẹ̀délẹ̀.

Bí a ṣe ń ka ọdún

Fún ohun tí a kọ sílẹ̀, Nàìjíríà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Bràsílì ń ka 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà. Bí àwọn tó kọ ọ́ bá ju ẹnìkan lọ, ẹni tó kú kẹ́yìn nínú wọn ni a ó kà. Ní Amẹ́ríkà, ìwé tó bá ti jáde ju 95 ọdún lọ ti di ti gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn tí a mọ̀ dán an wò. Alùfáà Emmanuel Moses Lijadu, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ Ifá sínú ìwé ní èdè Yorùbá, kú ní 1926. Ẹ̀tọ́ tó lè wà lórí àwọn ìwé rẹ̀ ti tán, ẹ sì lè lo ohun tó kọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àtúntẹ̀ òde òní. Àkọtọ́ àtijọ́ ni Lijadu lò, irú èyí tó ń kọ "aiye" àti "enia". Bí ẹ bá rí ìwé rẹ̀ tí wọ́n ti yí padà sí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti àlàyé sí i, ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti àlàyé yẹn kì í ṣe ti Lijadu, àmì ohùn inú rẹ̀ pàápàá lè jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ wá ẹ̀dà àtijọ́, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yí àkọtọ́ rẹ̀ padà.

Ti William Bascom le ju ìyẹn lọ. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó wá sí Ifẹ̀ ní 1937, ó sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo. Ìwé ńlá tó kọ lórí Ifá dídá jáde ní 1969, ó sì kú ní 1981. Ní Nàìjíríà, òpin 2051 ni ẹ̀tọ́ ìwé náà tó tán. Ní Amẹ́ríkà, tí a bá ka 95 ọdún láti 1969, ó di òpin 2064. Nítorí náà ohun tí ẹ bá tẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2052, tí kò rú ẹ̀tọ́ àdàkọ Bascom ní Ìbàdàn, lè rú òfin ní Amẹ́ríkà. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí òun náà kọ̀wé lórí Ifá, ẹni tí wọ́n tẹ̀ nífá tó sì ń jẹ́ Fátúmbí, kú ní Bràsílì ní 1996. Òpin 2066 ni tirẹ̀. Ní ti àwọn ọ̀mọ̀wé wa tó ṣì wà láàyè, kò sí ohun tí ẹ ó kà rárá: ẹ kọ lẹ́tà sí wọn. Púpọ̀ nínú wọn á dáhùn, inú wọn á sì dùn pé ẹnìkan tọrọ.

Ẹnìkan á béèrè pé, ìlà mélòó ni a lè mú láì tọrọ àṣẹ? Wọ́n ti sọ fún yín pé ìlà márùn-ún, tàbí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin kò dá iye kankan. Ohun tó gbà láyè ni ìlò tó tọ́: ìwádìí tí kò ní òwò nínú, àríwísí, ìròyìn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà, ní ìwọ̀n tí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe béèrè. Ẹni tó ń ṣàlàyé ẹsẹ kan tí ó sì fa ìlà mẹ́fà yọ wà ní ojú ọ̀nà. Ẹni tó kó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ jọ láti inú ìwé ẹlòmíràn, tó wá kọ "fún ẹ̀kọ́ ni" sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀

Téèpù àti fáìlì ohùn ní òfin tiwọn. Ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀ máa ń wà fún 50 ọdún láti òpin ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, ẹni tó ki Ifá náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣèré, fún 50 ọdún láti òpin ọdún tó ṣe é, nítorí òfin ka ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àbáláyé mọ́ òṣèré pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀rẹ̀, ìyẹn orin Ifá, ni wọ́n sun, ẹ má ṣe gbàgbé pé àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn rẹ̀ náà ṣe é. Babaláwo kan lè jẹ́ ẹni tí kò kọ ìwé kankan rí, síbẹ̀ kí ó ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin lórí ohùn ara rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ téèpù àwọn onímọ̀ wà nínú àkójọ yunifásítì, òfin tí wọ́n ṣe ní 2018 sọ pé ohùn tó jáde láàárín 1923 sí 1946 ń gba 100 ọdún, èyí tó jáde láàárín 1947 sí 1956 ń gba 110, gbogbo ohun tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn títí di ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1972 ń dúró títí di 2067. Nítorí náà ẹ má ṣe rò pé téèpù tó ti gbó ti di ọ̀fẹ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ronú dé

Ibi tí ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ sí jù fún wa ní Nàìjíríà nìyí. Òfin wa ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn iṣẹ́ àbáláyé, ìyẹn ewì, orin, àlọ́, ijó, eré àti iṣẹ́ ọnà tí àwùjọ kan jogún láti ẹnu dé ẹnu. Ó dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dà wọ́n kọ, tó fẹ́ gbé wọn sí etí gbogbo ayé, tàbí tó fẹ́ túmọ̀ wọn tàbí yí wọn padà, bí ó bá jẹ́ pé nítorí owó ni, tàbí pé ó gbé wọn kúrò ní àyè tí àṣà fi wọ́n sí. Òfin kò dá iye ọdún fún ààbò yìí. Kò pọn dandan kí a mọ ẹni tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nítorí náà gbólóhùn "àtayébáyé ni, kò ní olówó" kò lè gbà yín ní kóòtù Nàìjíríà. Jíjẹ́ àtayébáyé gan-an ló mú un wọ abẹ́ apá òfin yìí.

Ẹni tí òfin gbé àṣẹ náà lé lọ́wọ́ ni Àjọ tó ń rí sí Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá fẹ́ ta ìwé ẹsẹ Ifá, tàbí kí ẹ fi ìyẹ̀rẹ̀ sínú fíìmù tí ẹ ó ta, àwọn ni ẹ ó kọ̀wé sí. Ó dùn mí pé òfin kò mẹ́nu ba àwọn ìdílé awo àti àwọn ìlú tó tọ́jú Ifá ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Èmi ì bá fẹ́ kí Àràbà ìlú, olórí àwọn awo, ní ohùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin kò sọ kò dí wa lọ́wọ́ láti ṣe é. Ẹ lè kọ̀wé sí Àjọ kí ẹ sì tún tọ àwọn awo lọ.

Òfin náà yọ àwọn kan sílẹ̀: ẹni tó ń lò ó nínú ilé fún ara rẹ̀, ẹni tó ń fi í kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́, òǹkọ̀wé tó fa díẹ̀ yọ láti fi ṣe àpẹẹrẹ nínú iṣẹ́ tirẹ̀, àti ẹni tó yá nínú rẹ̀ láti fi dá iṣẹ́ tuntun. Bí ẹ bá tilẹ̀ wà nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ rí i pé ẹ dárúkọ orísun rẹ̀, nítorí òfin pàṣẹ pé kí a dárúkọ àwùjọ tàbí ibi tí iṣẹ́ náà ti wá nínú ohunkóhun tí a bá tẹ̀. "Ẹsẹ Ifá àtijọ́" kò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "A gba ẹsẹ yìí sílẹ̀ lẹ́nu babaláwo kan ní Òkè-Igbó, ní oṣù kẹjọ ọdún 2024," kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ kún un bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan gbà pé nítorí UNESCO kéde Ifá dídá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, ó ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀. Ìkéde yẹn kò fi ẹ̀tọ́ àdàkọ kún un, kò sì mú un kúrò.

Níwájú babaláwo

Mo rántí ọ̀sán kan tí mo jókòó sórí ẹní níwájú bàbá kan, fóònù mi wà láàárín àwa méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Bàbá ki odù tán, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí ó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí, ó ń mi orí, àfi ìgbà tó dé ibì kan tó na ìka sókè. "Dá a dúró níbẹ̀ yẹn. Ọmọ mi, ẹni tí a kò tẹ̀ kì í gbọ́ ìyẹn. Pa á rẹ́." Mo gé ibẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kí n tún un tẹ̀ kí òun gbọ́ pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó wúre fún mi, ó sì ní kí n máa gbé e lọ.

Kò sí òfin ìjọba tó ní kí n gé ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá yẹn. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, mi ò tíì gbé fóònù kúrò níwájú àgbà awo kankan láì jẹ́ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì gbà yín níyànjú kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú igbódù kì í ṣe ti ìwé.

Lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ ọ, ẹ kọ àdéhùn. Èdè Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ kà á sókè sí etí rẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ kan tàbí ọmọ awo rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ tó fẹ́ kí a fi mọ òun, odù àti ẹsẹ tó kì, ibi tí yóò ti jáde, bóyá ẹ ó tà á, iye tí ẹ ó fún un tàbí ìpín rẹ̀ nínú èrè, àti ohun tí kò fẹ́ kí a ṣe sí i. Bí kò bá mọ̀wé, kí ó tẹ àtàǹpàkò, kí ẹlẹ́rìí sì buwọ́ lù ú. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún yín pátápátá, tàbí kí ó fún ẹ̀yin nìkan láṣẹ, òfin Nàìjíríà sọ pé àfi kí ó wà ní kíkọ. Àdéhùn ẹnu kò lè gbé e. Èmi kì í gba ẹ̀tọ́ pátápátá lọ́wọ́ wọn. Àṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ tó mi, kí ẹ̀tọ́ náà kù sọ́wọ́ ẹni tó ki Ifá, kí ó lè di ogún àwọn ọmọ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà bá kọjá òkun

Bí ẹ bá ní òǹkàwé ní Bràsílì, ẹ mọ̀ pé òfin wọn ti ọdún 1998 ka iṣẹ́ tí a kò mọ ẹni tó ṣe é sí ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ó yọ ìmọ̀ ìbílẹ̀ àwọn ẹ̀yà sílẹ̀ fún ààbò tí òfin bá fún un. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àdéhùn Bangui tí àwọn orílẹ̀-èdè OAPI (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tó ń rí sí ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọpọlọ) jọ ń lò náà fún iṣẹ́ àbáláyé ní àyè. Ní ti Kúbà, àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí àwọn babaláwo ibẹ̀ ń dà kọ láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ awo ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí orúkọ. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ lè ṣì ní ẹ̀tọ́, ilé tó ni ín sì wà láàyè. Ẹ wá ilé náà kàn kí ẹ tó fọwọ́ kan an.

Bí ẹ bá ti tẹ iṣẹ́ yín tán, tí ẹ sì fẹ́ kí àwọn mìíràn máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, ohun tí ó jẹ́ tiyín nìkan ni ẹ lè fi sílẹ̀: àkọsílẹ̀ yín, ìtumọ̀ yín, àlàyé yín. Ẹ kò lè fi ohùn bàbá sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ àfi bí ó bá wà nínú àdéhùn. Ẹ sọ èyí kedere ní ojú ewé àkọ́kọ́. Kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà ohùn náà méjì, kí ẹ fi ọ̀kan lé ìdílé bàbá lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé tí ẹ tẹ̀ jáde, kí ẹ tó fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.